Bí Ẹ Ṣe Lè Gba Ẹ̀rí Lẹ́nu Oníbàárà, Kí Ẹ̀rí Náà sì Ta Ọjà

Àtẹ̀jíṣẹ́ kan náà ni ọ̀pọ̀ olùtajà máa ń kọ: “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa sọ ohun tí ẹ rí sí ọjà wa.” Wọ́n á fi ránṣẹ́ sí ogójì ènìyàn. Mẹ́rin á dáhùn. Ẹni àkọ́kọ́ á ní, “Ó dára gan-an.” Ẹnì kejì á ní, “Ẹ kú iṣẹ́, Ọlọ́run á túbọ̀ máa ràn yín lọ́wọ́.” Ẹnì kẹta á fi àwòrán ọwọ́ tó ń pàtẹ́wọ́ ránṣẹ́. Ẹnì kẹrin á béèrè pé, “Kí lẹ fẹ́ kí n sọ?” Olùtajà á kó mẹ́ta àkọ́kọ́ sójú ìpolówó, á sì máa retí àwọn tó máa rajà. Kò sẹ́ni tó máa tìtorí wọn mú owó jáde lápò.

Ẹnì kẹrin yẹn gan-an ló yẹ ká gbọ́. Kò kọ̀ láti sọ̀rọ̀. Kò mọ ohun tí wọ́n ń bi í ni. Àdúrà àti ìyìn dùn létí ẹni tó ni ọjà, ṣùgbọ́n àjèjì tó ń ka ìpolówó kò rí ara rẹ̀ níbẹ̀. Ohun tí àjèjì náà ń wá ni ẹnì kan tó dà bíi tirẹ̀, tí ohun tó ń ba òun lẹ́rù ti ba onítọ̀hún lẹ́rù rí, tó sì rà á bẹ́ẹ̀. Kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí i? Ìtàn nìyẹn. Nítorí náà, ìtàn ni kí ẹ máa béèrè lọ́wọ́ oníbàárà. Ẹ má béèrè ìyìn.

Ohun tí ẹ ó kó jọ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

- Orúkọ àwọn tó rajà lọ́wọ́ yín láàárín ọdún kan sẹ́yìn, ohun tí wọ́n rà, ọjọ́ tí wọ́n rà á, àti bóyá wọ́n ti fìgbà kankan mú ẹ̀sùn wá.
- Ìwé kan, tàbí tábìlì lórí kọ̀ǹpútà, tí ẹ ó máa kọ gbogbo rẹ̀ sí: orúkọ, ọjọ́, ọ̀rọ̀ tí oníbàárà sọ gan-an, ìyọ̀ǹda tó fún yín, àti gbogbo ibi tí ẹ bá lo ọ̀rọ̀ náà sí.
- Fóònù tó ń gba ohùn sílẹ̀ ketekete. Ẹ kò nílò kámẹ́rà olówó ńlá.
- Ẹni tí yóò máa béèrè ọ̀rọ̀. Bó bá ṣeé ṣe, kó má jẹ́ ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ọjà náà. Ojú máa ń ti ènìyàn láti sọ àléébù nǹkan lójú ẹni tó ṣe é, ẹni tó ṣe é náà kì í sì í lè pa ẹnu mọ́ tí wọ́n bá sọ ọ́.
- Àkókò. Ìjíròrò kan á gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 20. Kíkọ rẹ̀ sílẹ̀ á gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀rí mẹ́fà tó ṣe pàtó sàn ju ọgọ́ta tó ń sọ ohun kan náà.

Ìpele 1: Ẹ yan ẹni tí ẹ ó bi

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ oníbàárà. Láti orí ẹ̀rù ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ jókòó, kí ẹ kọ gbogbo ohun tó máa ń dá ènìyàn dúró kó tó ra ọjà yín: “Ó ti wọ́n jù.” “Ṣé ó máa pẹ́ lọ́wọ́?” “Ṣé ó máa bá tèmi mu?” “Tó bá bàjẹ́ ńkọ́, ta ni màá rí bá sọ̀rọ̀?” Tí ẹ kò bá mọ ohun tí ẹ ó kọ, ẹ padà lọ ka àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ tí àwọn ènìyàn fi ránṣẹ́ sí yín kí wọ́n tó sanwó, àti ti àwọn tó béèrè iye tí wọn kò sì padà wá mọ́. Ibẹ̀ ni ẹ̀rù wọn wà. Ó máa ń jẹ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ó ṣọ̀wọ́n kó ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá oníbàárà tó ti ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ẹ̀rù yẹn rí. Mẹ́ta nínú irú oníbàárà ló máa ń ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu: ẹni tó padà wá rà á lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹni tó mú ẹlòmíì wá, àti ẹni tó kọ́kọ́ mú ẹ̀sùn wá tí ẹ sì bá a yanjú rẹ̀. Ẹ̀yin wo ẹnì kẹta yìí dáadáa. Ọ̀pọ̀ olùtajà máa ń sá fún un nítorí pé ìjà díẹ̀ ti wọlé, bẹ́ẹ̀ òun nìkan ló lè jẹ́rìí sí ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí nǹkan kò bá lọ bó ṣe yẹ. Ìbéèrè tó wà lọ́kàn ẹni tí kò tíì rajà lọ́wọ́ yín rí nìyẹn gan-an.

Ẹ ṣọ́ra: ẹ má gba ẹ̀rí lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ yín, ìyàwó, ọkọ, tàbí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, kí ẹ wá gbé e síta bí ẹni pé oníbàárà lásán ni. Ẹ tún fo ẹni tí ọjà ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ lọ́wọ́ lánàá. Ìdùnnú ohun tuntun ló máa sọ, kò tíì lo ọjà.

Àyẹ̀wò: ó kéré tán, orúkọ méjì gbọ́dọ̀ wà níwájú ẹ̀rù kọ̀ọ̀kan. Níbi tí ẹ kò bá ti rí ẹnì kankan kọ, ẹ ti mọ ibi tí ìpolówó yín ti ṣófo.

Ìpele 2: Ẹ mọ ìgbà tó yẹ kí ẹ béèrè

Ìgbà tí oníbàárà bá ti rí àbájáde ni ẹ máa béèrè. Ohun tí ènìyàn ń lò lójoojúmọ́ lè gba ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ̀kọ́ tàbí iṣẹ́ tó jẹ́ pé díẹ̀díẹ̀ ni èso rẹ̀ ń hàn lè gba oṣù mẹ́ta. Ẹ bi ara yín pé: lọ́jọ́ wo ni ènìyàn máa kọ́kọ́ mọ̀ pé owó òun kò ṣòfò? Ẹ fi ọjọ́ díẹ̀ kún un.

Àkókò kan wà tó dára ju gbogbo rẹ̀ lọ: nígbà tí oníbàárà fúnra rẹ̀ bá pè yín láìjẹ́ pé ẹ béèrè, tó ní, “Ẹ ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀!” Ẹ má kàn dúpẹ́ kí ẹ sì gbé fóònù sílẹ̀. Ẹ ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ fún mi látìbẹ̀rẹ̀,” kí ẹ sì béèrè bóyá ẹ lè gba ohùn wọn sílẹ̀.

Ẹ má béèrè ẹ̀rí lọ́jọ́ tí ẹ ń béèrè owó. Ẹ má sì béèrè nígbà tí onítọ̀hún ṣì ń dúró de àtúnṣe tàbí owó tí ẹ fẹ́ dá padà.

Ìpele 3: Àtẹ̀jíṣẹ́ àkọ́kọ́

Ẹ má kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún gbogbo ènìyàn. Oníbàárà máa ń mọ̀ bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti gbogboogbò, á sì ronú pé ẹlòmíì á dáhùn. Ẹ dárúkọ rẹ̀, ẹ dárúkọ ohun tó rà, ẹ sọ iye àkókò tí ẹ fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún un láti kọ̀. Ẹ jẹ́ ká fi àpò àgbékọ́yìn ṣe àpẹẹrẹ:

“Ẹ káàárọ̀ mà. A kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo rántí pé ní nǹkan bí oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn, nígbà tí ẹ fẹ́ ra àpò dúdú yẹn, ẹ béèrè lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì bóyá síìpù rẹ̀ kò ní tètè já. Mo fẹ́ mọ bó ṣe ń lọ sí látìgbà yẹn, ìbáà ṣe dáadáa tàbí kò ṣe dáadáa. Ṣé ẹ lè fún mi ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 lórí fóònù lọ́sẹ̀ yìí? Bí àyè kò bá sí, kò burú rárá, ẹ ṣeun.”

Ẹ wò ó pé kò sí ọ̀rọ̀ “ẹ̀rí” tàbí “ìpolówó” níbẹ̀. A kò tan oníbàárà jẹ. Nígbà tí ìjíròrò bá bẹ̀rẹ̀, a máa sọ fún un pé a lè fẹ́ lo díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, a ó sì gba ìyọ̀ǹda rẹ̀ kí ohunkóhun tó jáde. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá fi ọ̀rọ̀ ìpolówó ṣáájú, á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀rọ̀ ńláńlá tí kò jẹ mọ́ ìgbésí ayé rẹ̀.

Bí kò bá dáhùn, ẹ rán an létí lẹ́ẹ̀kan péré lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ dúró níbẹ̀. Oníbàárà tí ẹ yọ lẹ́nu kò ní jẹ́rìí dáadáa, ó sì lè má padà wá rajà mọ́.

Àyẹ̀wò: bí ọ̀pọ̀ nínú ìdáhùn bá jẹ́ “Kí lẹ fẹ́ kí n sọ?”, ìyìn ni ọ̀rọ̀ yín ṣì ń béèrè. Ẹ tún un kọ kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì.

Ìpele 4: Ìbéèrè méje

Níbí ni ẹ̀rí ti ń yè tàbí kú, nítorí náà ẹ má kánjú kọjá. Ẹ béèrè wọn bí mo ṣe tò wọ́n yìí, nítorí ọ̀nà tí ìtàn máa ń gbà wá sí ènìyàn lọ́kàn ni: ohun tó wà tẹ́lẹ̀, iyèméjì, ìpinnu, àbájáde.

1. Kí ẹ tó ra èyí, kí lẹ ń lò? Kí ló ń dà yín láàmú nínú rẹ̀?
2. Kí ló fẹ́rẹ̀ẹ́ mú kí ẹ má rà á?
3. Kí ló wá mú yín pinnu láti rà á?
4. Kí lẹ kọ́kọ́ ṣàkíyèsí lẹ́yìn tí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó? Ó tó ìgbà wo?
5. Kí lẹ ń ṣe báyìí tí ẹ kò lè ṣe tẹ́lẹ̀?
6. Kí ni kò tẹ́ yín lọ́rùn nínú rẹ̀?
7. Ta lẹ máa sọ fún pé kó rà á? Ta lẹ máa sọ fún pé kó má rà á?

Ìbéèrè kejì ni gbogbo ènìyàn máa ń bẹ̀rù láti béèrè, òun náà ló sì ń mú owó wọlé jù. Nígbà tí oníbàárà bá sọ ẹ̀rù tó bà á, ẹni tó ń kà á á dáwọ́ dúró, á ní, “Ohun tó wà lọ́kàn mi gan-an nìyí.” Láti ìgbà yẹn lọ, á gba ohun tó kù gbọ́.

Ìbéèrè kẹfà náà wúlò lọ́nà méjì. Ọ̀nà kìíní, ẹ ó mọ ohun tó yẹ kí ẹ tún ṣe. Ọ̀nà kejì, oníbàárà tó ti rí i pé ẹ fẹ́ gbọ́ àléébù á sọ ìyókù láìfi ohunkóhun pamọ́.

Bí ẹ ṣe ń béèrè tún ṣe pàtàkì ju ohun tí ẹ ń béèrè lọ. Ẹ má béèrè ohun tí “bẹ́ẹ̀ ni” lè dáhùn. “Ṣé inú yín dùn sí i?” Bẹ́ẹ̀ ni, ó dùn. Ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹ má sì fi ìdáhùn sẹ́nu oníbàárà: “Àbí ẹ rí i pé ó lágbára ju èyí tí ẹ ní tẹ́lẹ̀?” Kò ní fẹ́ já yín kulẹ̀, á gbà bẹ́ẹ̀, ẹ ó sì lọ polówó ọ̀rọ̀ ara yín ní orúkọ rẹ̀.

Tí ó bá dáhùn tán, ẹ má tètè gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ẹ ka ení, èjì, dé àrún nínú ọkàn yín. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn a máa korò, mo mọ̀, ṣùgbọ́n lẹ́yìn rẹ̀ ni oníbàárà máa ń sọ pé, “Ohun tí mo ń sọ gan-an ni pé…” Ohun tó bá tẹ̀ lé e ni kí ẹ kọ sílẹ̀.

Nígbà tí ó bá sì sọ ọ̀rọ̀ tó fẹ̀ tí kò ní ìdí, bíi “ó wúlò púpọ̀” tàbí “ó rọ̀ mí lọ́rùn,” ẹ ní: “Ẹ fún mi ní àpẹẹrẹ kan. Ìgbà wo ló ṣẹlẹ̀ kẹ́yìn?” Ẹni tó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì:

“Àpò yín dára gan-an, ó lágbára, mo fẹ́ràn rẹ̀.”

“Síìpù àpò mẹ́ta ló já mọ́ mi lọ́wọ́ láàárín ọdún kan, nítorí náà nígbà tí mo gbọ́ iye tí ẹ ń ta tiyín, mo ní n kò ṣe. Kọ̀ǹpútà mi ló jábọ́ nínú ìkẹta, ìyẹn ló lé mi padà wá. Ó ti pé oṣù mẹ́jọ. Ojoojúmọ́ ni mò ń gbé e. Síìpù rẹ̀ kò tíì há rí. Ohun kan ṣoṣo tí n kò fẹ́ ni pé ibi tí wọ́n ń ki ìgò omi bọ̀ kéré jù.”

Ẹnì kan náà ló lè sọ méjèèjì. Ìbéèrè ló yàtọ̀. Ẹ tún kíyè sí ìgò omi yẹn: ẹ má yọ ọ́. Òun ló ń jẹ́ kí ènìyàn mọ̀ pé oníbàárà tòótọ́ ló ń sọ̀rọ̀.

Àyẹ̀wò: ẹ ka ohun tí ẹ kọ. Nínú ìdáhùn kọ̀ọ̀kan, ó kéré tán kí ẹ lè fa ìlà sábẹ́ ohun kan tó ṣeé fojú rí, iye kan, tàbí àkókò kan. Bí kò bá sí ìkankan, ẹ padà pe onítọ̀hún kí ẹ béèrè àpẹẹrẹ.

Ìpele 5: Kíkọ, ohùn, tàbí fídíò?

Ọ̀rọ̀ kíkọ ló rọrùn jù láti gbà, ó sì wọ ibi gbogbo. Ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ máa ń gbé ìmọ̀lára, ó sì dára fún oníbàárà tí kò fẹ́ràn kíkọ tàbí tí kò fẹ́ kí ojú òun hàn. Fídíò ló ń mú ọkàn jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun náà ló sì ń tètè bàjẹ́ jù. Ẹ má fi fídíò bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ ṣe ìjíròrò lórí fóònù. Ẹni tí ìtàn rẹ̀ bá dán mọ́rán ni kí ẹ bẹ̀ fún fídíò.

Bí ẹ bá máa ya fídíò, ẹ nu ojú kámẹ́rà fóònù. Ẹ jẹ́ kí oníbàárà kọjú sí fèrèsé. Bó bá kẹ̀yìn sí i, ojú rẹ̀ á dúdú. Ẹ gbé fóònù sí ibi tó bá ojú rẹ̀ dọ́gba, sórí nǹkan tí kì í mì. Ẹ gbé e dúró bó bá jẹ́ pé orí fóònù ni wọ́n ti máa wò ó, ẹ dá a dùbúlẹ̀ bó bá jẹ́ ti ojú ìkànnì tàbí ti tẹlifíṣọ̀n. Ẹ pa ìpè mọ́ kí fóònù má bàa dún láàárín ọ̀rọ̀. Ẹ pa fáànù. Ẹ pa ẹ̀rọ amúlétutù.

Ohùn ló ń ba fídíò jẹ́ ju àwòrán lọ. Ènìyàn á fara da àwòrán tí kò mọ́lẹ̀ tó, ṣùgbọ́n tí kò bá gbọ́ ọ̀rọ̀, á kọjá lọ. Ẹ gbé fóònù kejì sítòsí àyà oníbàárà, níbi tí kámẹ́rà kò ní rí i, kó máa gba ohùn sílẹ̀ lọ́tọ̀. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ní kí ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ìró yẹn lẹ ó fi so ohùn pọ̀ mọ́ àwòrán nígbà tí ẹ bá ń tò ó.

Ẹ má fún un ní ìwé tó máa kà. Gbàrà tí ojú rẹ̀ bá ń lọ láti òsì sí ọ̀tún, àwọn tó ń wò ó á ti mọ̀. Ẹ kàn bẹ̀ ẹ́ pé kó máa fi ìbéèrè bẹ̀rẹ̀ ìdáhùn rẹ̀: dípò “Ọdún kan,” kó ní, “Ó ti tó ọdún kan tí mo ti ń lo àpò yìí.” Ìyẹn lẹ ó fi lè gé ohùn tiyín kúrò. Ìgbẹ̀yìn gbẹ́yín, ìṣẹ́jú kan sí ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ ti tó.

Àyẹ̀wò: kí onítọ̀hún tó kúrò lọ́dọ̀ yín, ẹ fi gbohùngbohùn etí gbọ́ ìṣẹ́jú àáyá 30 nínú rẹ̀. Àṣìṣe tí ẹ bá rí lọ́jọ́ kejì kò ní àtúnṣe.

Ìpele 6: Gígé ọ̀rọ̀ láìpa ìtumọ̀ rẹ̀ dà

Ẹ lè yọ “ẹ̀ẹ̀m” àti àsọtúnsọ. Ẹ lè mú gbólóhùn tó wà nísàlẹ̀ wá sókè. Ẹ kò lè fi ọ̀rọ̀ kún un, ẹ kò sì lè yọ “ṣùgbọ́n.” Bí oníbàárà bá ní, “Ó yá gan-an, ṣùgbọ́n ó gbà mí ní ọ̀sẹ̀ kan kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń lò ó,” tí ẹ wá kọ “Ó yá gan-an” nìkan, irọ́ lẹ pa mọ́ ọn. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á lé e bá. Nínú òwò, kì í tilẹ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, nítorí ẹni tó bá rà á lọ́la á rí ọ̀sẹ̀ kan yẹn fúnra rẹ̀.

Ẹ má tún èdè oníbàárà ṣe títí yóò fi dà bí èdè tiyín. Ẹni tó bá sọ pé “ó gbé mi lékè wàhálà,” ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá tú ọ̀rọ̀ rẹ̀ láti èdè kan sí òmíràn, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé ìtumọ̀ ni.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi èyí tí ẹ ti gé ránṣẹ́ padà sí i kó kà á. Ẹ má fo èyí. Nígbà mìíràn ó máa ní, “Kì í ṣe oṣù mẹ́jọ mọ́ o, ó ti tó mẹ́wàá,” ọ̀rọ̀ náà á sì túbọ̀ lágbára.

Àyẹ̀wò: ẹ kà á sétí ẹnì kan tó mọ oníbàárà náà. Bó bá ní, “Kì í sọ̀rọ̀ báyìí,” gígé yín ti pọ̀ jù.

Ìpele 7: Ìyọ̀ǹda

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lónìí ni kí olùtajà ya àwòrán àtẹ̀jíṣẹ́ oníbàárà lójú fóònù, kó sì gbé e síta tòun ti nọ́ńbà, orúkọ àti àwòrán ojú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àárín ẹni méjì ni onítọ̀hún sọ. Pé ó yìn yín kò túmọ̀ sí pé ó fún yín láṣẹ. Ní Yúróòpù, òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 25 oṣù karùn-ún ọdún 2018 sọ ọ́ kedere pé ẹni tó yọ̀ǹda lè fa ìyọ̀ǹda rẹ̀ sẹ́yìn nígbàkígbà, àti pé fífà á sẹ́yìn gbọ́dọ̀ rọrùn bíi fífún un. Ibi yòówù kí ẹ ti máa tajà, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ gba ìyọ̀ǹda ní kíkọ, kódà kó jẹ́ àtẹ̀jíṣẹ́:

“Ṣé mo lè fi ọ̀rọ̀ yín tó wà lókè yìí sí ojú ìkànnì wa àti sínú ìpolówó wa? Ṣé kí n lo orúkọ yín lódindi, orúkọ àkọ́kọ́ nìkan, tàbí kí n má dárúkọ yín? Ṣé mo lè lo àwòrán yín? Nígbàkígbà tí ẹ bá fẹ́ kí n yọ ọ́, ẹ kàn sọ fún mi, màá sì yọ ọ́.”

Ìbéèrè mẹ́ta yẹn dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tó gbà kí ẹ lo ọ̀rọ̀ òun lè má fẹ́ kí ojú òun hàn. Bí ọmọdé bá wà nínú àwòrán, òbí tàbí alágbàtọ́ ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i.

Àyẹ̀wò: ẹ mú ẹ̀rí kan ṣáá nínú tábìlì yín. Ṣé ẹ lè rí ìyọ̀ǹda rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan? Ṣé ẹ mọ gbogbo ibi tó wà, tó fi jẹ́ pé ẹ lè yọ ọ́ lọ́jọ́ tó bá ní kí ẹ yọ ọ́?

Ìpele 8: Ẹ̀bùn, owó àti irọ́

Ẹ má ra ẹ̀rí. Ẹ má kọ ọ́ fúnra yín. Ẹ má ní kí ẹ̀rọ kọ ọ́ fún yín. Mo ń sọ èyí tọkàntọkàn, nítorí ó ti di ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe bí ẹni pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ owó ẹni tó gbà wọ́n gbọ́ ni wọ́n ń gbà.

Òfin náà ti ń mú un. Ní Amẹ́ríkà, FTC, ìyẹn àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, gbé òfin kan jáde tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 21 oṣù kẹwàá ọdún 2024. Ó de ẹ̀rí tí wọ́n hùmọ̀, títí kan èyí tí ẹ̀rọ kọ; ó de sísan owó fún ọ̀rọ̀ tó gbọ́dọ̀ jẹ́ rere tàbí tó gbọ́dọ̀ jẹ́ búburú; ó sì de kí òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ máa jẹ́rìí láìsọ pé òṣìṣẹ́ ni òun. Owó ìtanràn lórí ẹ̀ṣẹ̀ kọ̀ọ̀kan lè ju 50,000 dọ́là lọ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin tó de ẹ̀rí èké bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹrin ọdún 2025. Láti ọdún 2016 ni Amazon ti fòfin de fífún ènìyàn ní ọjà lọ́fẹ̀ẹ́ kó lè kọ ọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, àfi lábẹ́ ètò tí Amazon fúnra rẹ̀ ń bójú tó. Google kò gbà kí wọ́n fún ènìyàn lówó tàbí ẹ̀dínwó nítorí ọ̀rọ̀ tó máa kọ, kò sì gbà kí ẹ máa ṣa àwọn tí inú wọn dùn nìkan ránṣẹ́ sí ojú ewé rẹ̀. Nítorí náà, yíyàn tí a ṣe ní Ìpele 1, ti ìjíròrò àti ìpolówó tiyín ni. Níbi tí gbogbo ayé ti ń fi ìràwọ̀ díwọ̀n ọjà, gbogbo oníbàárà ni kí ẹ bẹ̀ bákan náà.

Bí ẹ bá fẹ́ dúpẹ́, ẹ dúpẹ́ lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ ti parí, láìjẹ́ pé ẹ ti ṣèlérí ṣáájú. Bí ẹ bá sì ti fún un ní ohunkóhun kó tó sọ̀rọ̀, ẹ kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rí náà níbi tí gbogbo ojú á ti rí i.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó yẹ kí ẹni tó ń ta ohun tó jẹ mọ́ ìlera tàbí ìdókòwò fi sọ́kàn: ohun tí ẹ̀yin fúnra yín kò bá lè fi ẹ̀rí ìwádìí gbè lẹ́sẹ̀, ẹ kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí oníbàárà bá yín sọ ọ́. “Ó wo àrùn mi sàn” kì í di òótọ́ nítorí pé ẹlòmíì ló sọ ọ́. Bí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí oníbàárà kan bá ju ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ lọ, ẹ sọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ náà.

Ìpele 9: Ibi tí ẹ ó gbé e sí

Ojú ewé kan tí wọ́n kó gbogbo ẹ̀rí jọ sí, díẹ̀ lára ènìyàn ló máa ń ṣí i. Ẹ padà sí àkọsílẹ̀ ẹ̀rù tí ẹ ṣe ní Ìpele 1. Ẹ̀rí ẹni tó ní ọjà wọ́n, ẹ gbé e sítòsí iye rẹ̀. Ẹ̀rí ẹni tí ọjà rẹ̀ bàjẹ́ tí ẹ sì pààrọ̀ rẹ̀, ẹ gbé e sítòsí ibi tí ẹ ti ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń dá ọjà padà. Ẹ̀rí kọ̀ọ̀kan máa dáhùn ẹ̀rù kan, níbi tí ẹ̀rù náà ti máa ń jí.

Ẹ fa gbólóhùn kan tó lágbára jù yọ, kí ẹ kọ ọ́ ní lẹ́tà tó tóbi, kí ìyókù wà nísàlẹ̀ rẹ̀. “Síìpù àpò mẹ́ta ló já mọ́ mi lọ́wọ́ láàárín ọdún kan” ni kí ó ṣáájú, kì í ṣe “Mo fẹ́ràn rẹ̀.” Lábẹ́ orúkọ, tí oníbàárà bá gbà, ẹ kọ iṣẹ́ tó ń ṣe àti bó ṣe ti pẹ́ tó tó ń lo ọjà náà.

Ẹ má bẹ̀rù ọ̀rọ̀ tí kò pé ìràwọ̀ márùn-ún. Ìwádìí tí ẹ̀ka ìwádìí Spiegel ní Yunifásítì Northwestern, ní Amẹ́ríkà, gbé jáde ní ọdún 2017 rí i pé àárín ìràwọ̀ 4.0 sí 4.7 ni ènìyàn ti máa ń rajà jù. Bó bá ti ń sún mọ́ 5 gan-an, ìfura máa ń wọ̀ ọ́.

Àyẹ̀wò: ẹ fi ọwọ́ bo orúkọ ọjà yín nínú ẹ̀rí kọ̀ọ̀kan. Bí ẹlòmíì tó ń ta irú ọjà yín bá lè gbé e sójú ìpolówó tirẹ̀ láìyí ohunkóhun padà, ẹ̀rí náà kò tíì ṣe pàtó. Ẹ padà sí Ìpele 4.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá gbé e síta, ẹ fi han ẹni tó sọ ọ́. Ẹ kọ ọjọ́ náà sínú tábìlì, kí ẹ sì máa padà wò ó ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà. Bí ẹ bá ti yí ọjà náà padà, bí àpẹẹrẹ tí ẹ ti ń lo síìpù mìíràn, ẹ yọ ẹ̀rí tó ń sọ nípa síìpù àtijọ́ kúrò, kí ẹ sì lọ bá àwọn tó ra tuntun.